Ilé Ló Ń Ṣáájú, Àbí Ìyàwó?

Ìjì ló mú wọn pàdé. Ní ìparí oṣù kẹta, ìjì ńlá kan jà ní Ṣàgámù, ó sì ká páànù orí kíláàsì tí Tiwalọpẹ́ ti ń kọ́ àwọn ọmọ jéléósinmi bí ẹni ká ẹní. Lọ́jọ́ kejì, òun àti àwọn ọmọ mọ́kànlélógún jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí ọkùnrin gíga kan dé pẹ̀lú àkàbà léjìká. Ó kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí," ó gun òkè lọ, kò sì sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Tiwalọpẹ́ bi í léèrè ìgbà tí iṣẹ́ náà yóò parí. Kò dáhùn. Ó bi í bóyá kí òun kó àwọn ọmọ sún díẹ̀. Kò dáhùn.

Ìgbéraga ni Tiwalọpẹ́ pè é, ó sì ti ń bínú. Ìgbà tí ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ìṣó ló kún ẹnu rẹ̀. Ó tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Gbogbo ìbéèrè yín ni mo gbọ́. Bí mo bá la ẹnu dáhùn, mo lè gbé ìṣó mì. Ta ni yóò wá kan páànù yín?"

Tiwalọpẹ́ fẹ́ máa bínú lọ, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà ni Akínkúnmi Ṣóbọ̀wálé, ọmọ Akaka, káfíńtà orí ilé. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì tó gbà di iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún, ọ̀gá ilé-ìwé pàápàá sì rí i pé kì í ṣe páànù nìkan ló ń dá káfíńtà yìí dúró.

Kí ọdún tó yí, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Akínkúnmi kì í dúró dè é níbi tó ti máa ń wọ mọ́tò padà sí Ìkẹ́nnẹ́. Wọn kì í ṣe ohun púpọ̀. Wọ́n á jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí mọ́tò á fi kún. Àmọ́ bí Tiwalọpẹ́ bá ti jókòó sínú mọ́tò, tó bojú wẹ̀yìn, tó rí i tó ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ á máa ṣe é bí ẹni pé òun gbàgbé nǹkan sílẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó sọ fún Akínkúnmi pé, "Káfíńtà, ó yẹ kí o wá kí bàbá mi."

Bàbá rẹ̀, Alàgbà Adétúnbọ̀, jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ Ìsinmi pẹ̀lú ohùn tí í mú kí àwọn ọmọdé jókòó jẹ́ẹ́. Ó gba Akínkúnmi tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún un ní omi, ó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀.

"Káfíńtà orí ilé ni mí, sà."

"Ó dáa. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ibo lò ń gbé?"

Akínkúnmi wo ilẹ̀. "Ẹ̀yìn Íńtásénjì, sà. Àwa mẹ́rin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ la wà nínú yàrá kan."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. "Bí o bá wá fẹ́ ọmọ mi, èwo nínú àwọn mẹ́ta yòókù ni yóò jáde fún un?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Tiwalọpẹ́ fẹ́ dá sí i, bàbá sì fi ọwọ́ dá a dúró.

"Mi ò bèèrè ilé tí o kọ́. Mi ò bèèrè mọ́tò. Gba ilé tí orúkọ rẹ wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá mú kọ́kọ́rọ́ wá ni kí àwọn ẹbí rẹ wá tọrọ ọmọ. Kó tó di ìgbà náà, ẹni tó bá ọmọ mi tún òrùlé kíláàsì ṣe ni mo mọ̀ ọ́ sí. O ṣeun."

Tiwalọpẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọdúnayọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹ́ ọkùnrin kan tó ní òun ń wá ilé lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi wá a. Wọ́n gbé yàrá ẹ̀gbọ́n ọkọ, wọ́n gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ ọkọ, wọ́n gbé inú ilé tí wọn ò tíì fi fèrèsé sí. Ibi márùn-ún ni Ọdúnayọ̀ kó ẹrù lọ kó tó kó o padà wá sí Ìkẹ́nnẹ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bàbá ló lọ pàdé rẹ̀ ní gárééjì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé, "A ń wá ilé lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé ṣe di ọjọ́ ilé. Bí Tiwalọpẹ́ bá ti fọ aṣọ tán, yóò wọ bàtà pẹlẹbẹ, yóò pàdé Akínkúnmi ní Ṣàgámù, wọ́n á sì máa rìn. Wọ́n wọ Sábó, wọ́n wọ Makun, wọ́n wọ ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà. Àwọn tí owó ilé Èkó lé kúrò ti dé, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá ti dé, owó ilé sì ń gòkè bí ẹni pé ẹnì kan gbé àkàbà tì í. Èyí tó dára, owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń bèèrè, ejẹ́ńtì á gba tirẹ̀, lọ́yà á gba tirẹ̀. Èyí tí owó wọn ká, ilé ìwẹ̀ kan ni ìdílé mẹ́sàn-án ń lò.

Wọ́n rí méjì tí ì bá dára. Onílé àkọ́kọ́ ní òun kì í fi ilé fún ọkùnrin tí kò níyàwó. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, Tiwalọpẹ́ dá lọ bá a, ó ní kí òun gbà á lórúkọ ara òun. Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Obìnrin kan ṣoṣo? Ta ni yóò máa wá bá ọ níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, sà."

"Mo gbọ́. Lọ mú ọkọ rẹ wá."

Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, bàtà pẹlẹbẹ náà ti já. Akínkúnmi bá a so ó pọ̀ létí ọ̀nà, ó ní, "Bàbá rẹ ní kí n kọ́kọ́ nílé. Àwọn onílé ní kí n kọ́kọ́ níyàwó. Àbí kí n lọ gbé orí òrùlé ni?"

"A ó rí i," ni Tiwalọpẹ́ wí.

"Bó o ṣe ń sọ ọ́ láti oṣù kìíní nìyẹn."

"N ó sì máa sọ ọ́ lọ. Jẹ́ ká gba òdì kejì yìí."

Òdì kejì náà ló mú wọn dé Ijoku, sí ilé pẹ́tẹ́lẹ́ àtijọ́ kan tí Màmá Fẹ̀hìntọlá ń gbé. Opó ni, ó ti lé láàádọ́rin ọdún, ó ti fìgbà kan ta epo pupa títí dé Ìbàdàn. Yàrá kan àti pálọ̀ ṣófo níwájú ilé náà, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Aládùúgbò ló ta wọ́n lólobó, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé ìyá náà ò gba àpọ́n. Akínkúnmi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ronú, ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ó sì jáde pẹ̀lú òrùka yẹpẹrẹ kan.

"Káfíńtà, mi ò mọ irọ́ pa," ni Tiwalọpẹ́ wí.

"Irọ́ kọ́. Ó kàn ṣáájú òtítọ́ díẹ̀ ni."

Ó fi òrùka náà bọ̀ ọ́ níka. Òrùka náà tutù, ó sì dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n wọlé, Tiwalọpẹ́ kúnlẹ̀, Akínkúnmi dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà wò wọ́n, ó wo òrùka, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọkọ àti aya. Ó dáa. Ìyàwó rẹ yìí, kí ni oríkì rẹ̀?"

Akínkúnmi yíjú wo Tiwalọpẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àṣàkẹ́, mà."

Màmá yíjú sí Tiwalọpẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni?"

Ì bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Àmọ́ ojú àgbàlagbà náà wọ̀ ọ́ lára, òótọ́ sì já bọ́: "Àbẹ̀ní ni, mà."

"Ọkọ tí kò mọ oríkì aya rẹ̀! Kí lo fi ń jí i láàárọ̀? Súfèé? Ẹ dìde, ẹ jáde nílé mi. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò lójútì!"

Wọ́n jáde. Àwọn ará àdúgbò ti yọjú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí kò séèyàn, Akínkúnmi jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan, ó sì fi orí lé ọwọ́.

"Tiwa, bóyá bàbá rẹ rí ohun tí àwa ò rí. Àwọn kan wà tó nílé. Fúláàtì, pẹ̀lú iná àti omi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá, mi ò ní bínú sí ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí Tiwalọpẹ́ nínú ju gbogbo ìtìjú ọjọ́ náà lọ. Ó bọ́ òrùka, ó fi lé e lọ́wọ́. "Mi ò wá ilé láti oṣù kìíní nítorí ilé. Ìwọ ni mò ń bá wá a. Ọjọ́ tí o bá rántí, o mọ ibi tí mo ti ń wọ mọ́tò."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi rí ara wọn. Ìyá rẹ̀ rí i pé kì í jẹun yó, ó sì ń fi ẹran kún tirẹ̀. Lórí ibùsùn, Tiwalọpẹ́ a máa bi ara rẹ̀ pé: ṣé agídí ni mo ń pè ní ìfẹ́ ni? Bí mo bá dà bí Ọdúnayọ̀ ńkọ́? Àmọ́ bó bá ti rò ó dé ibi tí kò ti ní sí Akínkúnmi mọ́, ìrònú náà á kọ̀, kò ní lọ síwájú. Òwúrọ̀ Sátidé kan, ó dìde, ó wẹ̀, ó sì gba Ijoku lọ lóun nìkan.

Màmá Fẹ̀hìntọlá ń ṣa ẹ̀gúsí nínú àtẹ. Tiwalọpẹ́ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Mo wá tọrọ àforíjì, mà. Irọ́ la pa."

"Mo mọ̀. Irọ́ yín náà ò tún dára. Ẹni tí kò mọ irọ́ pa, kó má dán an wò." Ó ń ṣa ẹ̀gúsí lọ. "Ilé lo tún wá bẹ̀ mí fún?"

"Rárá, mà. Àforíjì nìkan ni. Bàbá mi ló kọ́ mi pé a kì í fi ẹ̀tàn wọlé àgbà."

Ìyá náà fi àtẹ sílẹ̀. "Ta ni bàbá rẹ?"

Bí Tiwalọpẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nìyẹn. Ó sọ ti bàbá rẹ̀, ó sọ ti Ọdúnayọ̀, ó sọ ti bàtà tó já àti onílé tó wò ó láti òkè délẹ̀. Nígbà tó parí, Màmá Fẹ̀hìntọlá gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀. Ó ní àpọ́n tó gbé iwájú ilé òun kẹ́yìn, ọlọ́pàá ló wá kó o nílé nítorí ìjà obìnrin, ìdí tí òun ò fi gba àpọ́n kankan mọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú un gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Yàrá méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ilé ìdáná kékeré. Orógún rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ìyẹn ti kú, òjò nìkan ló ń wọ ibẹ̀. A ń rí sánmà láti inú yàrá.

"Ti iwájú yẹn, ènìyàn ti san owó rẹ̀. Ṣé káfíńtà orí ilé ni ọmọkùnrin yẹn lóòótọ́, àbí irọ́ ni ìyẹn náà?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Sọ fún un kó wá. Bó bá tún un ṣe, n ò ní gba owó ilé ọdún àkọ́kọ́. Fẹ̀hìntọlá ọmọ mi yóò kọ ìwé àdéhùn rẹ̀ láti Èkó. Àmọ́ ẹ ò ní sùn níbẹ̀ láìgbéyàwó. Bàbá rẹ, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Tiwalọpẹ́ kò tíì dé ìdí mọ́tò nígbà tó rí Akínkúnmi tó dúró níbi tó máa ń dúró sí. Ó rù, irùngbọ̀n ti bò ó.

"Mo rántí," ni gbogbo ohun tó sọ.

"Mú àkàbà rẹ," ni Tiwalọpẹ́ dá a lóhùn, "a ti ríṣẹ́."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Màmá Fẹ̀hìntọlá wé gèlè, ó wọ takisí, ó di Ìkẹ́nnẹ́. Tiwalọpẹ́ gbé omi wá fún un, ó sì fẹ́ jáde. Ìyá náà ní kó dúró.

"Alàgbà," ó kọjú sí bàbá, "mo wá bi yín léèrè ọ̀rọ̀ ni. Èmi ní n ò fún ọmọkùnrin kan nílé, àfi bó bá níyàwó. Ẹ̀yin ní ẹ ò fún un níyàwó, àfi bó bá nílé. Àwa àgbà méjì la di ọmọ kan mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Èmi ti jọ̀wọ́ ọwọ́ tèmi. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàbá nu awò ojú rẹ̀, ó tún un nù. "Ìyá, mo ti gbé ẹrù ọmọ kan bọ̀ láti gárééjì rí. Àpótí náà ò wúwo, àmọ́ n kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí dòní. Yàrá tó ń jò ni wọ́n ní ẹ fẹ́ fún un."

"Káfíńtà orí ilé ni. Èwo lẹ fẹ́ kí n fún un, èyí tí kò jò?"

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ìyá Tiwalọpẹ́ ti bú sẹ́rìn-ín. Bàbá gbìyànjú láti má ṣe rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe é. "Ó dáa. Bó bá parí rẹ̀, n ó wá wò ó. Ṣùgbọ́n n ò ní wá lójú oòrùn. Ojú òjò ni n ó wá."

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Akínkúnmi ń ṣiṣẹ́ oníṣẹ́ láàárọ̀, ó ń ṣe tiwọn nírọ̀lẹ́. Àwọn oníbàárà tó ń pààrọ̀ òrùlé wọn ń fún un ní páànù àlòkù tó ṣì le, ó ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dí ojú ìṣó àtijọ́. Tiwalọpẹ́ a dé láti ilé-ìwé, á ró ìró lé aṣọ, á máa na igi sí i láti ìsàlẹ̀. Òun ló kun ògiri. Ọ̀dà náà kò tó, wọ́n fi àwọ̀ mìíràn kun yàrá kejì, Màmá Fẹ̀hìntọlá sì ní ó wu òun ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kẹjọ, omi ò kán wọlé rárá.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹsàn-án, sánmà ṣú láti ìyálẹ̀ta. Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí Alàgbà Adétúnbọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí ní Ijoku, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ó kí wọn, ó pa agboòrùn dé, ó gbé àga sí àárín yàrá, ó sì jókòó. Ariwo òjò lórí páànù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Akínkúnmi dúró ti ògiri. Màmá Fẹ̀hìntọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tiwalọpẹ́ ń wo òkè, ó ń gbàdúrà láìla ẹnu.

Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn yí padà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti òjò bọ̀ láti ìhà tí kò gbà wá tẹ́lẹ̀. Omi kan kán, tó, sí orí fìlà bàbá. Ó tún kán.

Bàbá gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. Tiwalọpẹ́ rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Ó yíjú sí Akínkúnmi, kò sì rí i níbi tó wà. Ọkùnrin náà ti jáde. Láti ojú fèrèsé ni wọ́n ti rí i nínú òjò náà, tó gbé àkàbà ti ògiri, tó di òòlù mọ́ ìgbànú, tó sì ń gùn lọ. Kò tọrọ àforíjì. Kò ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè, wọ́n gbọ́ páànù tó dún, lẹ́yìn náà òòlù.

Bàbá dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó wo àkàbà náà fún ìgbà díẹ̀.

"Ọkọ Ọdúnayọ̀," ó wí ní pẹ̀lẹ́, "abọ́ ni ì bá lọ gbé wá."

Ó ṣí agboòrùn, ó sì jáde. Atẹ́gùn yí agboòrùn náà síta lẹ́sẹ̀ kan náà. Bàbá sọ ọ́ sílẹ̀, ó rìn nínú ẹrẹ̀ lọ sídìí àkàbà tó ń gbọ̀n, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Akínkúnmi!" ó kígbe sókè.

"Sà!"

"Àwọn ẹbí rẹ ní Akaka, ṣé Sátidé tó ń bọ̀ yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn?"

Òòlù dákẹ́. Òjò nìkan ló ń dún. Màmá Fẹ̀hìntọlá ti di Tiwalọpẹ́ lọ́wọ́ mú, ó dì í le.

"Yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn, sà! Kódà bó bá jẹ́ ọ̀la!"

"Sátidé ni mo ní. Tẹra mọ́ ìṣó yẹn, kàn án kó jinlẹ̀. Ọmọ mi ni yóò máa sùn sábẹ́ rẹ̀."